ORÍ ẸNI ÀTI ÀWỌN TÓ YÍ I KÁ

Àwọn ènìyàn sábà máa ń bi wá pé: bó bá jẹ́ orí tí kálukú kúnlẹ̀ yàn ló bá wá sáyé, kí ló wá kan òbí, ará ilé àti ọ̀rẹ́ nínú irú ẹni tí a dà? Àwọn mìíràn á tilẹ̀ ní, "Orí mi ni mo bá wá, n ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè." Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Ifá wí.

Nínú Ogbè-Ògúndá, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń lọ yan orí nílé Àjàlá: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú. Wọn ò bá Àjàlá nílé, wọ́n fojú ara wọn ṣa orí, òjò sì bà á jẹ́ lọ́nà ayé. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá, wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó rúbọ, wọ́n sì fún un nínú rẹ̀ dání. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó bu iyọ̀ sí i fún un. Oníbodè yìí ló mú un dé ọ̀dọ̀ Àjàlá. Àjàlá ń sá fún ẹni tó jẹ lówó. Afùwàpẹ́ bá a san án, Àjàlá náà sì bá a yan orí rere.

Ẹ ò rí i pé orí gan-an, tí a ń pè ní ti ara ẹni, ọwọ́ bàbá, babaláwo, oníbodè àti Àjàlá ló wà níbẹ̀? Síbẹ̀, Afùwàpẹ́ ló pinnu láti fi ọ̀rẹ́ méjì sílẹ̀ kó lè yà sílé. Àjọṣe kò gba yíyàn lọ́wọ́ ẹni.

Àwọn onímọ̀ náà ti jiyàn lórí èyí. John Mbiti ará Kenya kọ ọ́ ní 1969 pé nítorí àwùjọ ni ẹnì kan fi wà. Kwame Gyekye ará Gánà ní àwùjọ ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni náà ṣì lè yẹ ọ̀nà àwùjọ wò, kó sì kọ̀ ọ́. Ìtàn Afùwàpẹ́ gba méjèèjì mọ́ra.

Ká wá mú un wá sílé, níbí ní Ìwó olódò Ọbà. Nínú agbo ilé kan, ẹ ó rí mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe. Ní oṣù kẹfà 2016, ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin mùsùlùmí lè lo ìjábù nílé-ìwé ìjọba. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ onígbàgbọ́ kan fi wọ aṣọ akọrin ìjọ lọ sí Baptist High School, Ìwó. Kò sí ohun tó burú nínú kí aṣọ sọ ilé tí ọmọ ti wá. Èyí tó léwu ni kí aṣọ máa sọ fún ọmọ ìyá ẹni pé "èmi kì í ṣe tìẹ." Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ, ta ló wá ń bọ́ aṣọ yẹn lára ọmọ?

Ọmọdé kì í dá ẹ̀sìn kọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ, oníbodè ni: ó lè fọ̀nà hàn án, ó sì lè dè é lọ́nà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí òbí, olùkọ́ àti àwa babaláwo má fi ọmọ ja ìjà tiwa. Ọmọ náà ń kọ́? Kó dúpẹ́ oore, kó sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ni à ń bá rìn dópin. Bó bá rí i pé ìwà ń bàjẹ́, kó yà.