Ilé Tí Ọkàn Wa Fẹ́: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Pinnu Kí A Tó Fi Ìpìlẹ̀ Lélẹ̀

Nínú àdúà tí a máa ń ṣe fún ara wa níbi ìkómọ, níbi yìgì àti níbi ìpàdé àsáláátù, àdúà pé kí Ọlọ́hun fi ilé jíǹkí wa kì í gbẹ́yìn. Àdúà rere ni. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka ilé tó láyè mọ́ àwọn ohun tí ń mú inú ènìyàn dùn láyé, ó sì ka aládùúgbò rere mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́hun bá gba àdúà náà, tí a ti rí ilẹ̀ rà, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ jókòó sọ ni iye yàrá, irú páànù tí a ó fi bò ó, àti bí iwájú ilé yóò ṣe rí lójú ẹni tó ń kọjá lọ. Ibi tí kànga yóò wà, a ó fi sílẹ̀ di ọjọ́ tí agbẹ́kànga bá dé.

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ nínú abala ìlera yìí kò pọ̀. Ohun tó wà nínú ilé pín sí ọ̀nà méjì: èyí tí a lè pààrọ̀ lọ́la, àti èyí tí kò ṣeé ṣí nípò mọ́ bí a bá ti ṣe é tán. Ọ̀dà, táìlì, sílíìnì àti àga pálọ̀ lè dúró di ìgbà tí owó bá tún dé. Kànga, kòtò ìgbọ̀nsẹ̀, ojú fèrèsé, ibi tí ilé ìdáná wà àti bí ilẹ̀ ilé ṣe ga tó, àwọn wọ̀nyí kò ṣeé gbé kúrò. Àwọn gan-an ló sì máa ń pinnu bóyá ará ilé yóò máa wà ní àlàáfíà tàbí wọn yóò máa pààrà ilé ìwòsàn. Àwọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá àyè fún.

Kànga àti sókáwéè

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun nílẹ̀ Yorùbá, omi ìjọba kò dé ibẹ̀. Onílé kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ kànga tirẹ̀, onílé kọ̀ọ̀kan náà ló sì ń gbẹ́ kòtò tí omi ìgbẹ́ ń rì sí, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní sókáwéè. Omi tó rì síbẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ń gbé kòkòrò àrùn dání. Ilẹ̀ máa ń sẹ́ omi yìí bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì, ṣùgbọ́n omi náà gbọ́dọ̀ rìn jìnnà kí ó tó mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìlera fi ní kí àlàfo láàárín kànga àti sókáwéè tàbí ṣáláńgá má ṣe dín ní mítà 30, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Wọ́n tún ní kí ìsàlẹ̀ kòtò náà fi mítà kan àbọ̀ ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń ga dé nígbà òjò. Bí ilẹ̀ bá sì dagun, òkè ni kí kànga wà, kí sókáwéè wà nísàlẹ̀.

Bí àlàfo yìí kò bá tó, inú kànga ni táífọ́ọ̀dù, àrùn onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru tí ń gbẹ omi ara ọmọdé lè gbà wọlé. Omi náà lè mọ́ kedere bí omi òjò, kí ó má sì ní òórùn kankan.

Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ibi, pulọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀ àti 120 ní gígùn. Bí kànga bá wà ní igun kan níwájú, tí sókáwéè wà ní igun kejì lẹ́yìn, ẹsẹ̀ bàtà 100 yóò jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ 60 ní 60 ńkọ́? Láti igun kan dé igun tó jìnnà sí i jù lọ, kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 85 lọ. Bó ti wù kí a tò ó, 100 kò lè jáde níbẹ̀. Ẹni tó ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ó tó náwó. Kí ó ṣírò owó bọ́ọ̀hóòlù tó jìn, tí wọ́n fi páìpù àti sìmẹ́ǹtì dí lókè dáadáa, mọ́ owó ilé. Tàbí kí onílé méjì mẹ́ta pawọ́ pọ̀ gbẹ́ ẹyọ kan síbi tó jìnnà sí sókáwéè gbogbo wọn.

Sókáwéè aládùúgbò náà wà nínú ìṣirò yìí, nítorí ògiri ọgbà kì í dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró. Kí a tó yan ojú kànga, ẹ jẹ́ kí a lọ kí àwọn tí a bá ládùúgbò, kí a béèrè ibi tí tiwọn wà. Kí àwa náà má sì gbẹ́ sókáwéè wa ti kànga wọn. Ẹ̀sìn wa kọ̀ fún wa láti ni ẹlòmíràn lára, Ànábì sì kìlọ̀ gidigidi nípa ẹni tó ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ síbi tí àwọn ènìyàn ti ń pọnmi. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ kòtò ìgbẹ́ ti kànga aládùúgbò rẹ̀, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bí ohun tó ṣe ṣe jìnnà sí ìyẹn tó.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Omi yìí la fi ń ṣe àlùwàlá, báwo ni kò ṣe ní mọ́?" Òótọ́ ni pé àwọn alfa wa kọ́ wa pé omi tí ẹ̀gbin kò yí àwọ̀, adùn tàbí òórùn rẹ̀ padà tó ṣe àlùwàlá. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn kò ní àwọ̀ tí ojú rí, kò sì ní òórùn. Omi lè tó ṣe àlùwàlá kí ó má tíì tó mu.

Afẹ́fẹ́, èéfín àti ẹ̀fọn

Yàrá tó ní fèrèsé lára ògiri kan ṣoṣo máa ń mú ooru. Bí fèrèsé bá wà lára ògiri méjì, atẹ́gùn yóò gba ọ̀kan wọlé, yóò gba èkejì jáde. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè kọjá ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ti máa ń rọrùn láti ran ará ilé. Kí a má kọ́ yàrá dí àyè tó yẹ kí fèrèsé wà nítorí pé a fẹ́ kí yàrá di márùn-ún. Kí a sì ná owó nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ṣáájú owó kọ́tìnnì.

Bí a bá mọ̀ pé igi tàbí èédú la ó máa fi se oúnjẹ ọdún àti ti ìnáwó, kí a ṣe ibi ìdáná síta, kí ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀, síbi tí atẹ́gùn kò ti ní máa gbé èéfín wọ yàrá. Àwọn ìyá àti ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn ló ń fa èéfín yìí símú jù. Ti jẹnẹrétọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tó ń pa ènìyàn lójú oorun. Kí ibi tí a ó gbé e sí wà nínú àwòrán ilé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í sì í ṣe ilé ìdáná.

Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà nígbà òjò kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ibi tí omi dúró sí ni kí ẹ gbé ilẹ̀ ilé ga sí, kí ẹ sì la gọ́tà tí omi yóò bá lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ẹ̀fọn nínú omi tó dákẹ́ ti lè di ẹ̀fọn tó ń fò.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi àlùwàlá

Ànábì kọ̀ fún wa láti kọjú tàbí kọ ẹ̀yìn sí Kíbúlà nígbà ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ṣe ìrọ̀rùn fún ti inú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́lé kò nílò láti wá ìrọ̀rùn kiri. Ní ilẹ̀ wa, àárín ìlà oòrùn àti àríwá ni Kíbúlà wà. Kí a fi han ẹni tó ń to páìpù kí ó tó lẹ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, ó di kí a fọ́ ọ.

Kí ẹ̀rọ omi àlùwàlá wà nísàlẹ̀, kí ìjókòó wà níbẹ̀, kí ilẹ̀ rẹ̀ má sì yọ̀. Àgbàlagbà tó bá ṣubú lórí táìlì tó tutù lè fi egungun ìbàdí dá, ó sì lè má dìde rìn dáadáa mọ́. Bí a bá fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí yàrá kan àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nísàlẹ̀ fún ìyá wa tàbí bàbá wa, àti fún àwa náà lọ́jọ́ alẹ́.

Ẹ pe ará ilé jókòó

Kí baálé má ṣe dá pinnu. Ẹni tó ń dáná ló mọ ibi tí èéfín ń gbà, àwọn ọmọ tó ń pọnmi ló mọ bí kànga ṣe rí. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí kò ṣeé ṣí nípò. Ìyókù owó ni kí ẹ pín fún ẹwà.

Ẹni tó ti kọ́lé tán, tí kànga rẹ̀ sì sún mọ́ sókáwéè, kó má ṣe sọ̀rètí nù. Kí ó máa fi omi náà fọṣọ, kí ó sì máa se omi mímu títí yóò fi hó kùùkùù fún ìṣẹ́jú kan, kí ó bò ó kó tó tutù. Kí kànga ní ìdérí, kí etí rẹ̀ ga, kí a sì fi sìmẹ́ǹtì yí i ká. Bí ọwọ́ bá tún tẹ owó, kí ó wá omi síbòmíràn ṣáájú kí ó tó kun ilé lọ́dà.

Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí ilé tí a ń kọ́ jẹ́ ilé àlàáfíà fún wa àti fún ọmọ wa, kí Ó má jẹ́ kí ó ti ọwọ́ wa ni aládùúgbò lára, kí Ó sì fún wa ní ilé tó dára ju èyí lọ nínú Àlùjánńà. Àmín.