Ìwúkàrà tó ń gba ẹ̀dọ̀ ọmọ là

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí. Bóyá ẹnì kan sọ fún yín pé: «Àrùn gan-an ni wọ́n ń gún sí ọmọ lára.» Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ náà, èyí tó wà fún àrùn mẹ́dọ̀wú B, kí a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò àrùn yìí ń gbé, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bà jẹ́. Ìyá tó ní i lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Abẹ tí a fi fá orí ẹni púpọ̀, abẹ́rẹ́ tí a ti gún fún ẹlòmíràn, ìbálòpọ̀, gbogbo wọn lè gbé e kiri. Jíjẹun pọ̀ nínú àwo kan kò lè gbé e. Bí àgbàlagbà bá kó o, ara rẹ̀ sábà máa ń lé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tuntun 10 bá kó o, bíi 9 nínú wọn ni kò ní í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á dàgbà, wọ́n á máa roko, wọ́n á máa ná ọjà, láìmọ̀ pé ó wà lára wọn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ikùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú, jẹjẹrẹ lè mú ẹ̀dọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe oògùn abẹ́rẹ́ náà?

Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1981, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kòkòrò náà wà lára wọn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Wọ́n ń fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa, síbẹ̀ ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ní 1986 ni ọ̀nà mìíràn jáde.

Ẹ ronú sí àgbàdo. Bí ẹ bá gbìn ín, kò ní í hu ẹ̀wà. Nínú gbogbo ohun alààyè, àṣẹ kan wà tó ń sọ bí ara rẹ̀ yóò ṣe rí. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ADN. Kòkòrò mẹ́dọ̀wú ní tirẹ̀. Apá kan nínú àṣẹ náà ń sọ bí a ṣe ń rán ẹ̀wù tí kòkòrò náà ń wọ̀. Àwọn onímọ̀ mú apá yìí nìkan, wọ́n so ó mọ́ ADN ìwúkàrà, èyí tí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń pò mọ́ ìyẹ̀fun kí ó lè wú. Ìwúkàrà gba àṣẹ náà bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Bó ti ń pọ̀ sí i nínú àgbá ńlá, bẹ́ẹ̀ ló ń rán ẹ̀wù kòkòrò. Wọ́n á yọ ẹ̀wù náà jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò.

Ẹ̀wù lásán ni. Kòkòrò kò sí nínú rẹ̀. Bí ọdẹ ṣe ń fi aṣọ olè fún ajá gbóòórùn, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yìí ń fi ẹ̀wù han ara ọmọ. Ọjọ́ tí olè bá dé, ara ti mọ̀ ọ́n. Ojú abẹ́rẹ́ lè wú díẹ̀, ara ọmọ sì lè gbóná, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kò lè fún un ní mẹ́dọ̀wú.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, sọ pé kí ọmọ gba àkọ́kọ́ láàrin wákàtí 24 tí a bí i, kí ó sì gba méjì tàbí mẹ́ta sí i lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí ẹ bá bímọ sílé, ẹ má dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí kòkòrò náà ti wà lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ yìí kò lè wò ó sàn. Kí òun lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oògùn mìíràn wà fún un.