Ọwọ́ Tó Kan Adẹ́tẹ̀

Nínú ìjọ wa, ìgbọ́wọ́lé kì í ṣe ohun àjèjì. À ń gbọ́wọ́ lé aláìsàn, a sì ń gbọ́wọ́ lé ẹni tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìránṣẹ́. Nítorí náà, bí a bá ti kà nípa ọwọ́ nínú Ìwé Mímọ́, agbára ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí Jésù nà sí adẹ́tẹ̀ nínú Máàkù 1:40–42 ní ẹ̀kọ́ mìíràn fún wa.

Òfin inú Léfítíkù 13:45–46 ní kí adẹ́tẹ̀ máa dá gbé lẹ́yìn ibùdó, kó sì máa ké pé aláìmọ́ ni òun. Máàkù to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ: àánú ṣe Jésù, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kàn án, ó sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni ara ọkùnrin náà tó mọ́. Nígbà tí ẹ̀tẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ni Olúwa fọwọ́ kàn án.

Ṣé ó di dandan kí Jésù fọwọ́ kan èèyàn kó tó wò ó sàn ni? Rárá o. Nínú Lúùkù 17:12–14, adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá dúró lókèèrè. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni Jésù bá wọn sọ, ara wọn sì mọ́ bí wọ́n ti ń lọ. A wá rí i pé ọwọ́ inú Máàkù kì í ṣe ti ìwòsàn nìkan. Ọwọ́ ìfẹ́ ni.

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwa olùṣọ́-àgùntàn gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò tíì lọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àdúrà lè máa rò pé Ọlọ́run ti kẹ̀yìn sí òun. Bí a bá wọlé, tí a gbọ́wọ́ lé e lórí, tí a pariwo àdúrà, tí a sì jáde kíá, a lè dá kún èrò yẹn. Ká jókòó tì í. Ká di ọwọ́ rẹ̀ mú ká tó gbàdúrà, ká má sì tètè fi í sílẹ̀ lẹ́yìn àmín.

Èyí náà gba ọgbọ́n. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọdé kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà. Kí ọ̀dọ́ olùṣọ́-àgùntàn dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà, kó jẹ́ kí màmá fúnra wọn fa òun lọ́wọ́. 1 Tímótíù 5:2 sì ní ká ṣe sí ọ̀dọ́bìnrin bí arábìnrin, nínú ìwà mímọ́. Ká kọ́kọ́ gbàṣẹ, ká sì rí i pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé tí a bá wọ̀ ni a ó ti rí iṣẹ́ ìyanu ká tó jáde. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a kò ti lè jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé a kò kọ òun sílẹ̀.