Bí Coroner Bá Ní Kí A Dúró Ná Kí A Tó Sin Òkú



Gbogbo wa la mọ̀ pé sùnnà ni kí a tètè sin òkú. Ìdí nìyí tí inú wa fi máa ń bàjẹ́ bí wọ́n bá ní kí a dúró ná. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ coroner ló fà á.

Ta ni coroner? Adájọ́ tó ń wádìí ikú ni, kì í ṣe dókítà. Òfin tí Èkó ṣe ní ọdún 2007 fi iṣẹ́ náà lé àwọn adájọ́ májísíréètì lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ òfin, tó sì ti di lọ́yà, ló lè ṣe é. Dókítà tó mọ òkú yẹ̀ wò ló máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó ń wá ni pé: ta ló kú, nígbà wo, níbo, kí ló sì pa á? Kì í rán ẹnikẹ́ni lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ikú òjijì tí a kò mọ ìdí rẹ̀, ikú ìjàmbá, ikú tó mú ìfura dání àti ikú ẹni tó wà ní àtìmọ́lé ni ó ń kàn án.

Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀? Bí ìdílé kan bá sùn tí wọn kò jí, àwọn èèyàn lè sọ pé ayé ló ṣe é. Àyẹ̀wò lè fi hàn pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹni tó bá gbọ́ yóò gbé tirẹ̀ jìnnà sí ilé, ẹ̀mí rẹ̀ yóò sì là.

Bí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má tíì wẹ òkú, ẹ má pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, nítorí omi lè ṣan ẹ̀rí lọ. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ tètè sọ pé Mùsùlùmí ni yín, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá yọ̀ǹda òkú, kí àwọn tí yóò wẹ̀ ẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí a kírun sí i lára.

Òótọ́ ni pé òkú ní ọ̀wọ̀ nínú ẹ̀sìn wa, a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àáfà onímọ̀ gbà pé a lè yẹ òkú wò bí òdodo tàbí ààbò ẹ̀mí bá béèrè fún un.

Kí Ọlọ́hun foríjin àwọn òkú wa, kó sì dá àwa alààyè sí. Àmín.