Yàrá Ayálégbé Nínú Ilé Ẹbí Láàárín Ìbàdàn

Púpọ̀ nínú ilé tó yí òkè Màpó ká, láti Ọjà'ba dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀ àti Béyerúnkà, kì í ṣe ilé ẹnì kan. Ilé ẹbí ni. Bàbá tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló jogún rẹ̀, nígbà mìíràn sàréè bàbá náà wà nínú ọgbà níbẹ̀.

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀, ó kó aya, ọmọ, ìbátan àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jọ sí agbo ilé kan. Àlejò tó bá dé kì í sanwó yàrá. Ó máa ń fara mọ́ baálé kan, a sì fún un níbi tí yóò sùn. Nígbà tí rélùwéè wọ ìlú ní 1901, Òkè-Àdó àti Èkótẹ̀dó ni ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú àti àwọn oníṣòwò mìíràn wá ilé sí, wọn kò wọnú agbo ilé. Owó kòkó ló yí àárín ìlú padà: agbo ilé alámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, yàrá kojú síra ní ọ̀tún àti òsì. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé kó lọ sí Èkó tàbí Bódìjà, yàrá ṣófo. Àwọn yàrá wọ̀nyí ni ayálégbé ń gbà lónìí, nítorí owó wọn kò wọ́n, ọjà sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ju iye owó lọ ni pé, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti gba owó náà? Ọmọ tí ẹbí pín yàrá fún lè gba àsansílẹ̀ ọdún kan tàbí méjì, kó sì lọ. Bí ó bá kú, àwọn àbúrò rẹ̀ lè wá sọ pé àwọn kò mọ ayálégbé rí. Lórí títa ilẹ̀ ẹbí, Kọ́tù Gíga Jùlọ ti Àpapọ̀ (Federal Supreme Court) ti là á sílẹ̀ ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika: bí olórí ẹbí kò bá sí nínú rẹ̀, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá, bí olórí bá tà láìgba àṣẹ àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè yí i padà. Ó yẹ kí ayálégbé fi ọgbọ́n yìí ṣọ́ra. Kó lọ kí olórí ẹbí, ìyẹn baálé tàbí mọ́gàjí, kó sì mọ àgbà láti ojúlé mìíràn nínú ẹbí náà.

Kó tún wo ilé náà nígbà òjò. Ìsàlẹ̀ ògiri alámọ̀ ni omi ti ń jẹ ẹ́, páànù tó ti pọ́n máa ń jò. Kànga àti ṣáláńgá, gbogbo ilé ló ń lò ó, nítorí náà gbígbálẹ̀ àti pípọnmi jẹ́ iṣẹ́ gbogbo wọn. Obìnrin tó bá gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí egúngún Olóòlù ń jáde, nítorí obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, àṣà ni pé a kì í dáná.

Bí ìjà bá dé, ọmọ onílé kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àgádágodo ti yàrá ayálégbé tàbí kó ẹrù rẹ̀ síta. Bí wọn kò bá ṣe àdéhùn mìíràn, oṣù kan ni ìwé kúìtì ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà ni ti ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Ìwé ọjọ́ méje tí onílé fi ń sọ pé òun fẹ́ lọ sí kọ́tù ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kọ́tù ló kù. Níbẹ̀ ni risíìtì ti máa sọ̀rọ̀: kí orúkọ ẹbí wà lórí rẹ̀, kí ìbuwọ́lùwé ẹni méjì nínú ẹbí sì wà nísàlẹ̀.