Ọkọ̀ Dísẹ̀lì Tó Kọ̀ Lẹ́yìn Àtúnṣe

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tí ẹ bi mí láàárọ̀ àná kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní kí wọ́n tó tún ọkọ̀ akẹ́rù 911 yín ṣe, ó ń ṣiṣẹ́, àìlágbára nìkan ló ń ṣe é. Wọ́n wá tún un ṣe tán, kò ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Iṣu tó yẹ kó ti dé Ọ̀mù-Àrán ṣì wà nílẹ̀, ọkọ̀ sì dúró sí Èsìẹ́ níbí bí ère òkúta inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa bi mẹkáníìkì kí ẹ tó tún náwó.

A máa ń sọ pé a ṣáná sí mọ́tò. Ọ̀rọ̀ yẹn bá ọkọ̀ bẹntiróòlù mu, torí púlọ́ọ̀gì inú rẹ̀ ń ta iná bí ìgbà tí èèyàn ṣá ìṣáná. Dísẹ̀lì kò ní irú púlọ́ọ̀gì yẹn. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìn rẹ̀ kọ́kọ́ ń fà wọlé, á wá fún un pọ̀ sínú ààyè tó kù bí ìdá kan nínú mẹ́tàdínlógún. Ẹ rántí bí ìdí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń gbóná mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń fẹ́ táyà. Irú ooru yẹn náà ni, àfi pé nínú ẹ́ńjìnnì ó lè ju 500°C lọ. Inú ooru yìí ni nọ́súlù ń fọ́n dísẹ̀lì sí, iná á sì sọ fúnra rẹ̀.

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí ẹ́ńjìnnì yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, rí ìṣòro tí ẹ ń rí yìí. Èyí tó kọ́kọ́ kọ́ ní Augsburg ní 1893 kò lè fi agbára ara rẹ̀ yí. Ó di 1894 kó tó yí fún ìṣẹ́jú kan péré, ó sì di 1897 kó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe fẹ́. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì náà ń fẹ́, òun náà ni tiwa ṣì ń fẹ́ dòní: kó yí kíákíá, kí afẹ́fẹ́ má jò, kí dísẹ̀lì sì dé lásìkò.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tó kọ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ̀yìn ló yẹ ká wò. Ohun tí wọ́n tú ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ tẹ́tí sí i ná. Bí kíkítátà bá kàn dún "kọ́", tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń yí bí ẹni tó ru ẹrù gòkè, ẹ wo bátìrì àti wáyà rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń yọ orí bátìrì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀; ó lè jẹ́ pé wọn kò fún un le nígbà tí wọ́n dá a padà, tàbí kí wáyà áàtì jókòó lórí ọ̀dà. Bí písítìn bá sì ń falẹ̀, ooru á ti bá ara irin lọ kí dísẹ̀lì tó dé.

Bó bá ń yí dáadáa tí kò sì ṣiṣẹ́, ẹ wo ẹnu sálẹ́ńsà. Bí èéfín kankan kò bá jáde, dísẹ̀lì kò dé inú sílíńdà. Bí èéfín bá funfun, dísẹ̀lì ń dé, àmọ́ kò jóná. Bó bá dúdú, afẹ́fẹ́ kò tó. Àkísà tí wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ nígbà iṣẹ́ lè ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ sọ fún mi pé tiyín kò yọ èéfín, pé wọ́n sì pààrọ̀ fítà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá okùn tí a fi ń pa ọkọ̀ ti padà sí àyè rẹ̀, torí bó bá há, ọ̀nà dísẹ̀lì ti dí nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, atẹ́gùn tó wọ inú páìpù dísẹ̀lì ni mo fura sí. Nọ́súlù kì í ṣí àfi bí agbára tó ń tì í bá tó nǹkan bíi bar 200; táyà ọkọ̀ ńlá, bíi bar 8 ni fọkanáísà ń fún un. Dísẹ̀lì kì í fún pọ̀ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fún pọ̀. Bí atẹ́gùn bá wà nínú páìpù, pọ́ǹpù á máa tì í, atẹ́gùn á kàn máa súnkì, nọ́súlù kò sì ní ṣí.

Bí wọ́n ṣe ń yọ atẹ́gùn náà nìyí. Wọ́n á dẹ bóòtù kékeré orí fítà, wọ́n á máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù ńlá. Ìfófòó funfun bí ọṣẹ tó ń hó ló máa kọ́kọ́ jáde. Kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí dísẹ̀lì á fi máa ṣàn láìní ìfófòó, kí wọ́n tó dè é. Wọ́n á ṣe bákan náà lórí pọ́ǹpù ńlá, lẹ́yìn náà wọ́n á dẹ nọ́ọ̀tì ìdí nọ́súlù, wọ́n á sì yí ẹ́ńjìnnì títí dísẹ̀lì á fi máa ta síta níbẹ̀. Kíkítátà kò gbọdọ̀ yí ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sinmi bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọwọ́ sí ibi tó ń ta, torí dísẹ̀lì tó ní irú agbára yẹn lè gún awọ ara wọlé. Kí jíà wà ní fíríì, kí wọ́n sì fi igi dí táyà.

Bí èéfín bá wá ń jáde ní funfun tí ọkọ̀ ṣì kọ̀, ọ̀rọ̀ kan àsìkò tàbí afẹ́fẹ́ tó ń jò. Pọ́ǹpù tí wọ́n dá padà lè fi eyín kan ṣìnà. Páìpù méjì lè ti pààrọ̀ ààyè. Ètò tí dísẹ̀lì fi ń dé sílíńdà kọ̀ọ̀kan nínú 911 onísílíńdà mẹ́fà ni 1, 5, 3, 6, 2, 4. Tápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún jù kì í jẹ́ kí fáàfù padé, afẹ́fẹ́ á sì jò kó tó gbóná.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da bẹntiróòlù sí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ láti fi tàn án. Ó lè fọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì lè jó èèyàn.

Bí wọ́n bá tún máa tú u lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí páìpù kọ̀ọ̀kàn kí wọ́n tó yọ ọ́, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n tú sínú ìwé. Fún ti ìsinsìnyí, ẹ bá mi bi mẹkáníìkì ohun tó tú gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ la máa ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí iṣu yín tó hù.