Iṣẹ́ tí Ìṣíde Ń Ṣe nínú Sinimá Akọnilóminú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fojú fò dá nígbà tí a bá ń wo sinimá. Ohun náà ni ìṣíde. Ìṣíde ni ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ìbẹ̀rẹ̀ tí a fi máa ń rí orúkọ sinimá, ti àwọn òṣèré àti ti olùdarí, tí orin sì máa ń dún lẹ́yìn wọn. Nígbà mìíràn, a máa ń fi ìtàn ṣókí kan kún un. Sinimá akọnilóminú ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni irú èyí tí ó dá lórí ìpànìyàn àti àdììtú, tí ọkàn òǹwòran kì í fi í balẹ̀ títí eré yóò fi parí.

Àwọn kan gbà pé kò sí ohun tí ó wà nínú ìṣíde ju orúkọ lọ, pé àkókò tí a fi ń wá àga jókòó ni. Àwọn tí ń fi sinimá han ará ìlú ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ pàápàá rò bẹ́ẹ̀. Ara aṣọ ìkélé tí wọn kò tíì fà sí ẹ̀gbẹ́ ni àwọn mìíràn nínú wọn ti máa ń jẹ́ kí orúkọ kọjá lọ. Nígbà tí The Man with the Golden Arm jáde ní ọdún 1955, wọ́n ní láti pàṣẹ pé kí a ká aṣọ ìkélé kúrò kí ìṣíde tó bẹ̀rẹ̀. Saul Bass ni ó ya ìṣíde náà: àwọn ìlà funfun ń rìn lójú òkùnkùn títí wọ́n fi di apá ènìyàn tí ó wọ́.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Apàlọ́ kì í ṣàdédé bọ́ sínú ìtàn. Yóò kọ́kọ́ ké pe àwọn ọmọ, wọn yóò sì dáhùn kí ìtàn tó gbéra. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe onílù, ó sì fi àwọn òǹkàwé ṣe oníjó, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1938. Nínú eré orí ìtàgé Hubert Ògúndé, orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú. Ohun tí ìjúbà jẹ́ fún eré ni ìṣíde jẹ́ fún sinimá. Àdéhùn ni láàárín ẹni tí ó ni ìtàn àti ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ pàtàkì méjì ni àdéhùn náà ń ṣe. Èkíní ni pé ó ń pa ọkàn òǹwòran dà. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Arákalẹ̀ dé ní Àkúrẹ́, ariwo ọjà àti ti ọkọ̀ ṣì wà létí rẹ̀. Bí a bá ju òkú sí i lójú lójijì, yóò ta gìrì, ṣùgbọ́n ìta-gìrì kò pẹ́ lára. Ominú ni ó ń pẹ́. Ẹ wo Psycho tí Alfred Hitchcock darí ní ọdún 1960, tí Bass tún ya ìṣíde rẹ̀. Èlò orin olókùn nìkan, irú èyí tí ó bá gòjé wa tan, ni Bernard Herrmann lò fún orin rẹ̀. Orin náà ń sáré bí ẹni tí ohun kan ń lé. Àwọn ìlà ń já wọ inú òkùnkùn, wọ́n ń gé orúkọ sí wẹ́wẹ́. A kò tíì rí ọ̀bẹ kankan, àyà wa sì ti ń já.

Èkejì ni pé ìṣíde ń ṣèlérí láìtú àṣírí. Orúkọ tí ó ń pín sí méjì nínú Psycho ń sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin kan tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì, ṣùgbọ́n ìgbà tí eré bá parí ni òye rẹ̀ tó lè yé wa. Bákan náà ni Se7en ti ọdún 1995, tí Kyle Cooper ṣe ìṣíde rẹ̀: ọwọ́ ẹnì kan ni a rí tí ó ń fi bíléèdì bó awọ orí ìka rẹ̀, tí ó sì ń fi abẹ́rẹ́ rán ìwé pọ̀. A mọ ìwà apànìyàn náà ṣáájú kí a tó mọ ojú rẹ̀.

Nílé wa níhìn-ín, àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni The Figurine, tí a tún ń pè ní Aráròmíre, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2009. Ìtàn òrìṣà Aráròmíre ni ó fi ṣíde. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ère rẹ̀ yóò rí ọdún méje oríire, ṣùgbọ́n bí ọdún méje náà bá ti pé, nǹkan yóò dojú rú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lẹ́yìn èyí ni a wá pàdé Ṣọlá àti Fẹ́mi, àwọn agùnbánirọ̀ tí wọ́n rí ère kan nínú igbó. Wọn kò mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn; àwa mọ̀. Bí ilé wọn ti ń tòrò, tí owó ń wọlé, ni àwa ń ka ọdún. Ayọ̀ tí ó yẹ kí ó mú wa rẹ́rìn-ín ni ó ń kọ wá lóminú. Ìṣíde ni ó sọ ayọ̀ di ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Òun náà ni ó mú kí ìbéèrè ìparí le: ṣé òrìṣà ni ó ṣe é, tàbí ènìyàn? Ẹni tí kò wo ìṣíde kò ní mọ̀ pé ìbéèrè wà níbẹ̀ rárá.

Orúkọ sinimá nìkan pàápàá lè ṣe iṣẹ́ yìí. Afọláyan kan náà gbé October 1 jáde ní ọdún 2014. Ìlárá-Mọ̀kín àti Àkúrẹ́ wà lára ibi tí wọ́n ti ya á. Ọlọ́pàá kan, Danladi Waziri, ni wọ́n rán láti wádìí ikú àwọn ọmọbìnrin ní ìlú Akote, ó sì gbọ́dọ̀ rí apànìyàn náà kí àsíá Nàìjíríà tó gòkè ní ọjọ́ òmìnira ní ọdún 1960. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ọjọ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí ọjọ́ ayọ̀ ni wọ́n fi sọ ìtàn ìpànìyàn. Láti ìgbà tí òǹwòran bá ti ka orúkọ náà ni ó ti ń ka ọjọ́ pẹ̀lú Waziri.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àgbéléwò wa, ìṣíde ti di ibi tí a ń to ìran tí ó dùn jù lọ sí, tí a fi ń tú àṣírí ìtàn síta. Èyí dà bí apàlọ́ tí ó sọ ìparí àlọ́ kí àwọn ọmọ tó dáhùn. Ẹ̀rọ òde òní sì ti fún wa ní bọ́tìnnì tí a lè tẹ̀ láti fo ìṣíde kọjá.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ fi sinimá kọ́ni, ẹ fi ìṣíde nìkan hàn lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ohùn, lẹ́ẹ̀kan láìsí ohùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ó ń bẹ̀rù sílẹ̀, kí ó sì tọ́ka sí ohun tí ó rí tàbí tí ó gbọ́ tí ó fa ẹ̀rù náà. Bí eré bá parí, kí ó padà wo ohun tí ó kọ. Yóò rí i pé wọ́n ti bá òun sọ̀rọ̀ tipẹ́, kí òṣèré kankan tó lanu.